Fíìmù ogun àtijọ́ gbòde kan: Ta ni yóò ṣe ti Ìmagbọ̀n bó ṣe rí gan-an?

Bí ọmọ bá ti ilé ìwé dé lónìí ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó yọ fóònù rẹ̀ jáde láti fi nǹkan han bàbá rẹ̀ àgbà, kò ní yani lẹ́nu bó bá jẹ́ fíìmù ogun ni wọ́n jọ ń wò. Ìlù á máa dún, àwọn géńdé á tú jáde nínú igbó pẹ̀lú idà àti ọ̀kọ̀, ẹnì kan á pe ọfọ̀, ogún èèyàn á ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá á wò ó títí, á wá béèrè pé, "Ogun wo lèyí?" Ọmọ náà kì í sábà rí èsì fọ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ogun inú fíìmù yìí kò ṣẹlẹ̀ níbì kankan rí. Inú ọpọlọ ẹni tó kọ wọ́n ni wọ́n ti jà wọ́n.

Èyí kò ní kí wọ́n má dùn ún wò. Nígbà tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé Jagun Jagun jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2023, tọmọdé tàgbà ló ń sọ̀rọ̀ Ògúndìjì, ọ̀gá ológun tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ogun, tó sì ń gba adé lórí ẹni tó ni ín fún ẹni tí kò ni ín. Àlọ́ ni, àmọ́ àlọ́ tó dùn ni. Ọdún tó tẹ̀lé e ni nǹkan yí padà díẹ̀. Lóṣù keje ọdún 2024, Bọ́láńlé Austen-Peters gbé House of Ga'a jáde, ìyẹn ìtàn Baṣọ̀run Gáà tó ń fi Aláàfin jẹ, tó ń fi Aláàfin rọ́lẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, títí Aláàfin Abíọ́dún fi rẹ́yìn rẹ̀ lọ́dún 1774. Lóṣù kẹsàn-án ọdún náà ni Lisabi: The Uprising tún dé, tí Látééf Adédiméjì fi ṣe Líṣàbí, àgbẹ̀ Ẹ̀gbá tó fi ẹgbẹ́ àáró kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ títí wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́. Orí ìkànnì Netflix, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń gbé fíìmù sórí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n fún àwọn tó bá sanwó, ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde. Ṣáájú wọn, lọ́dún 2014, Lancelot Imasuen ọmọ Bìní ti ṣe Invasion 1897, bí àwọn òyìnbó ṣe kó Ìbíní, tí wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar.

Ọ̀yọ́ ti rí tirẹ̀, Ẹ̀gbá ti rí tirẹ̀, Ìbíní pẹ̀lú. Ìjẹ̀bú, tó dìde ogun sí ìjọba òyìnbó lọ́dún márùn-ún gbáko ṣáájú Ìbíní, kò sí lára ìwọ̀nyí.

Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ní ìtìjú díẹ̀ nínú, nítorí ọmọ Ìjẹ̀bú ni ẹni tí àwọn òṣèré Yorùbá ń pè ní bàbá wọn. Òsósà, tí mọ́tò kò ní pẹ́ kó tó dé láti Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n bí Hubert Ògúǹdé sí lọ́dún 1916. Lọ́dún 1979, Ọlá Balógun darí fíìmù Ìjà Òmìnira fún Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Adé Love; ọdún yẹn kan náà ló darí Ayé fún Ògúǹdé. Ìjà Òmìnira wá látinú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìtàn àwọn ará Òkè-Ògùn tí wọ́n ní àwọn kò ní sin Ọ̀yọ́ mọ́. Ayé ní tirẹ̀, àjẹ́ àti oṣó ló dá lé. Bẹ́ẹ̀ ni Ògúǹdé ṣe ń bá a lọ, ó ṣe Jáyésinmi lọ́dún 1980, Àrópin N'Tènìyàn lọ́dún 1982 àti Àyànmọ́ lọ́dún 1988, títí ó fi kú ní Lọ́ńdọ̀n lọ́jọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1990. Kì í ṣe ojo. Ẹni tó ṣe Strike and Hunger lójú òyìnbó, tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ lọ́dún 1964 nítorí Yorùbá Ronú, kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ìjọba ń bà lẹ́rù. Àmọ́ nínú fíìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, kò sí ogun Ìmagbọ̀n níbẹ̀.

Bí onítàn bá dákẹ́, ẹlòmíì á bá a sọ ọ́, kò sì dájú pé yóò sọ ọ́ bó ṣe wù ú. Ẹ wo The Woman King, tí àwọn Amẹ́ríkà gbé jáde lóṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Àwọn obìnrin ológun Dahomey, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì ní ọdún 1823 ni. Ta wá ni ọ̀tá tí wọ́n ń bá jà? Ọ̀yọ́ ni. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń gun ẹṣin wá kó èèyàn lẹ́rú nínú fíìmù náà, Ghezo ọba Dahomey sì ni ẹni rere. Òótọ́ ni pé Dahomey san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òótọ́ sì ni pé ayé Ghezo ni wọ́n jà bọ́. Ṣùgbọ́n Francisco Félix de Souza, gbajúgbajà oníṣòwò ẹrú, ló ran Ghezo lọ́wọ́ tó fi jọba, Dahomey kò sì jáwọ́ nínú òwò ẹrú fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Èyí tó wá pani lẹ́rìn-ín ni pé John Boyega, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀n, ló ṣe Ghezo. Jimmy Odùkọ́yà, ọmọ Nàìjíríà, ló sì ṣe ọ̀gágun Ọ̀yọ́ tí gbogbo ẹni tó wo fíìmù náà kórìíra.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti Ìmagbọ̀n yóò kọ́kọ́ rí i pé ogun náà kò jọ àlọ́ rárá. Owó àti ọ̀nà ló dá a sílẹ̀.

Ìjẹ̀bú ló wà láàárín ọ̀sà àti ilẹ̀ òkè. Ìbọn, ẹ̀tù, iyọ̀ àti aṣọ òyìnbó ń ti Èkó gba orí omi dé Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn. Epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ ń ti òkè bọ̀. Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí olówó tìhín fojú kan ọlọ́jà tọ̀hún. Ará Èkó kò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá lọ sí Ìbàdàn, ará Ìbàdàn kò gbọdọ̀ gbà á kọjá lọ sí Èkó. Ọjà Ìjẹ̀bú ni kí kálukú ti ná tirẹ̀, kí oníbodè sì gba owó rẹ̀. Ọgbọ́n òwò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni, òun ló sì sọ wọ́n di olówó láàárín Yorùbá. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1877, dídí ọ̀nà di ohun ìjà pẹ̀lú, nítorí Ìbàdàn kò lè jagun láìrí ìbọn àti ẹ̀tù rà. Àwọn oníṣòwò Èkó ń ráhùn, àwọn ajíyìnrere ń ráhùn, ìjọba òyìnbó sì ń gbọ́.

Lóṣù karùn-ún ọdún 1891, Denton tó ń dípò Gómìnà Èkó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú àwọn ṣọ́jà Haúsá lẹ́yìn rẹ̀, ó kó ẹ̀bùn dání fún Awùjalẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣí ọ̀nà. Ìjẹ̀bú kò gba ẹ̀bùn náà. Bí fíìmù kan bá wà tó yẹ kó lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ohun kan ṣoṣo, ibí ni. Ẹni bá gba ẹ̀bùn àlejò tó kó ṣọ́jà wá ti gba nǹkan mìíràn mọ́ ọn, àwọn àgbà Ìjẹ̀bú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Èkó lọ́dún 1851 àti 1861. Òyìnbó ní tirẹ̀ ní wọ́n fi àbùkù kan ọba àwọn. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1892, Gómìnà Gilbert Carter ti dé orí àga, wọ́n pe àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú sí Èkó, wọ́n ṣe àdéhùn pé kí ọ̀nà di ṣíṣí, kí ìjọba sì máa fún Awùjalẹ̀ ní £500 lọ́dọọdún dípò owó bodè. Kò pẹ́ sí i, wọ́n dá òyìnbó ajíyìnrere kan padà lójú ọ̀nà. Carter ní Ìjẹ̀bú ti yẹ àdéhùn, Lọ́ńdọ̀n sì fọwọ́ sí ogun.

Awùjalẹ̀ tó wà lórí oyè ni Adésímbọ̀ Túnwàṣe, tó jọba lọ́dún 1886. Nínú fíìmù wa, ọba kan á dìde lórí ìtẹ́, á pariwo, ogun á bẹ̀rẹ̀. Ìjẹ̀bú kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣùgbó wà níbẹ̀, Ìlámùrẹn wà níbẹ̀, Pàǹpá tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn aráàlú náà ní ohùn tirẹ̀, ohun tí ọba bá fẹ́ kò sì tó kó di ṣíṣe bí àwọn wọ̀nyí kò bá fọwọ́ sí i. Àwọn kan gbà pé kí wọ́n bá òyìnbó dúnàádúrà, àwọn mìíràn ní ẹni tó bá ṣí ọ̀nà ti ta ìlú. Eré tó bá lè gbé àríyànjiyàn yẹn sójú ìwòye, pẹ̀lú èdè Ìjẹ̀bú tí wọ́n fi sọ ọ́, yóò mú ọkàn ẹni tó ń wò ó ju ọgọ́rùn-ún idà lọ.

Ọ̀gágun Francis Scott, tó jẹ́ olórí àwọn ọlọ́pàá ológun Gold Coast tí í ṣe Gánà òní, ló kó àwọn ọmọ ogun òyìnbó. Wọ́n gba ọ̀sà dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn bọ̀ lápá Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1892. Ìjẹ̀bú ń bá wọn jà láti abúlé dé abúlé lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ 19, wọ́n pàdé ní odò Yemọjí, nítòsí Ìmagbọ̀n, ibẹ̀ sì ni ìjà náà ti le jù.

Àwọn wo ló wà lẹ́yìn Scott? Èyí ni ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, tí yóò sì da orí ẹni tó fẹ́ ṣe fíìmù òyìnbó sí dúdú rú. Nínú àwọn bí 500 tó wá jà, díẹ̀ ni òyìnbó, ìyẹn àwọn ọ̀gá wọn. Haúsá ló pọ̀ jù, láti Gold Coast àti láti Èkó. Àwọn ọmọ ogun West India Regiment náà wà níbẹ̀, àwọn adúláwọ̀ láti erékùṣù Kàríbíà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn bí 100 sì wà lára wọn. Ìbàdàn tí Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà mọ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ kò lè ní kí wọ́n jókòó sílé. Àwọn tó gbé ẹrù fún wọn náà kì í ṣe òyìnbó. Nítorí náà, adúláwọ̀ ló pọ̀ jù ní etídò méjèèjì, Yorùbá sì dojú ìbọn kọ Yorùbá.

Àwọn òpìtàn ka àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú sí ẹgbẹ̀rún méje sí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ìbọn ni wọ́n fi jà. Ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn olóòtú eré gbọ́ èyí: kì í ṣe idà, kì í ṣe ọfà. Ìjẹ̀bú tó ń ta ìbọn fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kò ní fi ọ̀kọ̀ jagun lọ́dún 1892. Láti ogun Òwu, ní nǹkan bí ọdún 1821, ni ìbọn Ìjẹ̀bú ti lókìkí; òun ni wọ́n fi ran Ifẹ̀ lọ́wọ́ tí wọ́n fi tú ìlú ńlá náà ká. Ní Ìmagbọ̀n, ṣakabùlà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, ìbọn Snider tí òyìnbó ṣe sì wà lọ́wọ́ àwọn kan. Ohun tí wọn kò ní ni ìbọn Maxim, tí ọwọ́ ẹnì kan lè máa fi rọ̀jò ọta láìdúró láti ki ẹ̀tù. Scott ní in, ó sì ní àgbá àti rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn.

Ìtàn kan wà nípa odò náà tí àwọn òyìnbó fúnra wọn kọ sílẹ̀. Ìjẹ̀bú ti rúbọ sí Yemọjí kí ọ̀tá má bàa kọjá. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà dé etídò, tí ọta ń dún láti òdìkejì, wọ́n kọ̀, wọn kò wọ omi. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ọmọ Áfíríkà ni wọ́n. Àwọn ọ̀gá òyìnbó ló kọ́kọ́ kó sínú omi kí àwọn yòókù tó tẹ̀lé wọn. Fíìmù tó bá jẹ́ ti àlọ́ yóò jẹ́ kí odò gbé wọn mì níbí. Odò kò gbé wọn mì, àmọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó dá wọn dúró, ìyẹn sì ju iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe nínú fíìmù lọ, nítorí ó ṣẹlẹ̀.

Wọ́n kọjá. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Òyìnbó ka òkú tiwọn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Òkú Ìjẹ̀bú, kò sẹ́ni tó dúró kà á.

Ibi tí fíìmù ogun sábà máa ń parí sí nìyí, síbẹ̀ ohun tó tẹ̀lé e ni àwọn ará Ìjẹ̀bú ń gbé nínú rẹ̀ títí di òní. Wọn kò lé Túnwàṣe lọ bí wọ́n ṣe lé Ovonramwen. Ó wà lórí oyè títí ó fi wàjà lọ́dún 1895. Ọ̀nà ṣí. Ohun tí ojú àwọn ìlú Yorùbá yòókù rí ní Ìmagbọ̀n tó wọn; ní ọdún 1893, Carter rìn yí ilẹ̀ Yorùbá ká, Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé, ogun Kírìjì sì parí. Ìjẹ̀bú tó kọ ajíyìnrere tẹ́lẹ̀ wá gba ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pọ̀, débi pé kò tó ọdún méjìlélógún tí wọ́n fi dá Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School sílẹ̀, lọ́dún 1913. Ọmọ ẹni tó yìnbọn ní Yemọjí lè ti jókòó ní kíláàsì.

Àwọn ìlú mìíràn ní Áfíríkà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, kì í sì í ṣe owó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Med Hondo, ọmọ Mauritania, ṣe Sarraounia lọ́dún 1986, ìtàn ayaba kan ní Niger tó dojú kọ àwọn ọmọ ogun Faransé lọ́dún 1899. Burkina Faso ni wọ́n ti yà á. Hondo kò fi bò pé adúláwọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn ṣọ́jà Faransé náà. Haile Gerima, ọmọ Ethiopia, ní tirẹ̀ kò wá òṣèré kankan: nínú Adwa, tó jáde lọ́dún 1999, ó gbé kámẹ́rà tọ àwọn àgbààgbà lọ, wọ́n sì ń sọ bí àwọn baba wọn ṣe ṣẹ́gun Ítálì lọ́dún 1896. Èyí ni Ìjẹ̀bú lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la, àní pẹ̀lú fóònù. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún àti ọgbọ̀n tí ogun Ìmagbọ̀n ti wáyé, àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó jà á kù díẹ̀ gan-an, bí wọ́n bá tilẹ̀ kù. Oríkì ilé wà, orin wà, orúkọ àwọn tó ṣubú wà nínú àwọn ìdílé kan. Kí wọ́n ya ìwọ̀nyí sílẹ̀ ná. Ìbọn Maxim tí wọn yóò fi igi ṣe lè dúró.

Àwọn òyìnbó náà ṣe tiwọn o. Zulu, tó jáde lọ́dún 1964, lórí ìjà Rorke's Drift ní South Africa lọ́dún 1879, àwọn ṣọ́jà òyìnbó ló sọ di akọni. Ohun kan ló ṣe tó yẹ kí wọ́n wò: Mangosuthu Buthelezi, tó di aṣáájú ńlá láàárín Zulu lẹ́yìn náà, ni wọ́n ní kó ṣe ọba Cetshwayo, tó jẹ́ baba ńlá rẹ̀ gan-an.

Ìjẹ̀bú-Òde kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, wọ́n ń jáde fúnra wọn ní Ojúde Ọba. Ìtàn Balógun Kúkù, tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tó sì ń kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá kí Awùjalẹ̀, ni wọ́n ń sọ bí wọ́n bá bi wọ́n léèrè ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé àwọn Balógun ìgbà náà á gun ẹṣin, wọ́n á wọ aṣọ olówó ńlá, ìbọn á máa dún lákọlákọ. Fọ́tò ọdún 2024 káàkiri gbogbo ayé. Olóòtú eré tó bá dé ibẹ̀ kàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, kó má bàa rò pé ẹṣin ni Ìjẹ̀bú gùn lọ sí Yemọjí. Ilẹ̀ igbó ni, ẹsẹ̀ ni àwọn jagunjagun fi rìn.

Ojúde Ọba ti oṣù kẹfà ọdún 2025 ni ìkẹyìn lórí ayé Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó wàjà lọ́jọ́ 13 oṣù keje ọdún náà, lẹ́yìn ọdún márùndínláàádọ́rin lórí ìtẹ́. Bí ìbọn bá tún dún níbẹ̀, tí èéfín rẹ̀ bo pápá, kámẹ́rà á pọ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Láti ojúde ọba yẹn sí etí odò Yemọjí, ìrìn tí àwọn ọmọ ogun Scott parí lọ́jọ́ kejì ni.